Ọkọ Mi Ń Bọ́ Aṣọ Ológun: Ṣé Iṣẹ́ Mẹ́gáàdì Nìkan Ló Kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Sájẹ́ǹtì ni ọkọ mi, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń tún ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ ogun ṣe. Ó ti wà ní NAFRC ní Òṣòdì báyìí, níbi tí wọ́n ti ń múra wọn sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, ọ̀sìn adìyẹ ló sì yàn láti kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ mẹ́gáàdì nìkan ni aráàlú máa ń fún ṣọ́jà. Òun ní tiẹ̀ ní gbogbo owó tí wọ́n bá san fún òun lòun máa fi ra dáńfó méjì. Ọkàn mi kò balẹ̀. (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Lójú tiwa, gbogbo yín lẹ ti gbàgbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Mẹkáníìkì ni, aṣọ tó wọ̀ ni kò jẹ́ kí aráàlú mọ̀.

Ohun tó kù ni ìwé ẹ̀rí tí aráàlú lè kà. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ìdánwò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Kó lọ ṣe é nísinsìnyí tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Bó bá sì ń kọ̀wé wá iṣẹ́, kó má fi ipò àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun bẹ̀rẹ̀. Kó kọ ohun tó ṣe, bí àpẹẹrẹ: "Jẹnẹrétọ̀ méjìlá ni mò ń bójú tó ní bárékè, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ mi." Ọ̀gá ilé ìwòsàn tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ dákú lóru àná kò ní ju irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, òfin tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni láti ọdún 1986 kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn, nítorí náà, ìmọ̀ ìbọn tó yẹ kó fi yàtọ̀ sí ọdẹ àdúgbò kò ní wúlò fún un níbẹ̀.

Dáńfó ló bà wá lẹ́rù jù. Ọkọ yín mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì bá awakọ̀ èrò ṣòwò rí, awakọ̀ kì í sì í kí ọ̀gá bí kọ́pọ́rà ṣe ń kí sájẹ́ǹtì nígbà tó bá ń jíṣẹ́ owó ọjọ́ tí kò pé. Bó bá dandan, kó ra ẹyọ kan, kó sì máa wà á fúnra rẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Adìyẹ kò burú, àmọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin a máa jẹun fún bí oṣù márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, nítorí náà, àádọ́ta péré ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí ẹ sì mú ọ̀kan sọ́wọ́ ẹ̀yin gan-an, torí àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ológun yóò máa béèrè fún un nígbà àyẹ̀wò.