Ìdọ̀tí Abẹ́ Tíǹtì: Rọ́bà Etí Gíláàsì Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá wa lóhùn. Iṣẹ́ tíǹtì ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Alékúwodò, l'Óṣogbo níbí. Wàhálà mi ni pé tí mo bá lẹ tíǹtì sí gíláàsì ilẹ̀kùn tán, òkè á mọ́ kedere, àárín á mọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí gíláàsì ti wọnú ilẹ̀kùn, ṣe ló máa ń rí kóró kóró bíi pé èèyàn wọ́n gààrí sábẹ́ ẹ̀, irun dúdú tín-ín-tín náà á tún wà níbẹ̀. Mo ń fọ gíláàsì dáadáa o, mo tún ń fi abẹ ha á. Àwọn kan ní ọyẹ́ ló fà á, àwọn kan ní tíǹtì tí mò ń rà ni ò dáa. Kí ni kí n ṣe? Kọ́sítọ́mà ti ń ráhùn.
— Oníṣẹ́ tíǹtì, Alékúwodò

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá. Ibi tẹ́ ẹ lẹ ti ń rí i yẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ ibi tó ti ń wá. Ọyẹ́ ò lè máa ṣa ìsàlẹ̀ nìkan bà sí, tó bá jẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ ni, gbogbo ojú gíláàsì lẹ máa rí i. Tíǹtì tẹ́ ẹ̀ ń rà náà, ó jọ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Rọ́bà etí gíláàsì ni, pàápàá èyí tó nírun lára tó máa ń nu gíláàsì bó ṣe ń lọ sókè sódò. Iṣẹ́ irun yẹn ni kó máa dá eruku dúró kó má baà wọnú ilẹ̀kùn, torí náà gbogbo iyanrìn àti eruku pupa tí ọkọ̀ yẹn ti rìn já, ibẹ̀ ló kó jọ sí látọdún yìí wá.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí gíláàsì, omi ṣàn wọ rọ́bà, eruku tó ti gan síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ gbé tíǹtì lé e, ẹ ti omi wá sísàlẹ̀, omi kọ lu rọ́bà, kò ríbi gbà, ló bá padà gòkè sábẹ́ tíǹtì tòun ti gbogbo ẹrù tó rù. Ẹ lè fọ gíláàsì yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tẹ́ ò bá tíì fọ rọ́bà, omi tẹ́ ẹ̀ ń fọ́n gan-an ló ń bá yín gbé ìdọ̀tí wá.

Rọ́bà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ, kí gíláàsì tó kàn. Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ tó wọlé. Tí fọ́kánáísà bá wà nítòsí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi atẹ́gùn ẹ̀rọ ẹ̀ fẹ́ gbogbo etí rọ́bà yípo, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù, torí ohun tó bá fò sókè máa padà balẹ̀ sórí gíláàsì yín. Lẹ́yìn náà ẹ fa tépù jáde, másíkìn tépù táwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò, ẹ tẹ ojú tó ń lẹ̀ mọ́ irun rọ́bà, ẹ ṣí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí tí kò fi ní kó irun kankan mọ́. Àwọn kan máa ń fi láítà jó irun yẹn kúrò, mi ò fọwọ́ sí i rárá, rọ́bà ń yọ́, kọ́sítọ́mà ló sì máa ra òmíì.

Ẹ wá da omi ọṣẹ sí i dáadáa, omi tẹ́ ẹ kán ṣampú ọmọdé díẹ̀ sí náà ti tó, ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ tí kì í yọ́wùú wé káàdì ATM tó ti kú, kẹ́ ẹ fi máa fà á láàárín rọ́bà àti gíláàsì títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì ti fi pọ́líìṣì pa rọ́bà náà kó lè máa dán, ẹ fi sípíríìtì nù ún kúrò, torí gọ́ọ̀mù tíǹtì kì í mú níbi tí òróró bá wà. Ẹ wáìn gíláàsì sílẹ̀ bí íǹṣì 2, ẹ nu etí òkè ẹ̀ tó máa ń sá pamọ́ sínú rọ́bà òkè. Ìgbà yẹn lẹ tó máa wá ha ojú gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá ń ti omi wálẹ̀, ẹ máa nu rọ́bà ọwọ́ yín lẹ́yìn gbogbo ìfà, tó bá sì ti fara kan ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ padà sókè láìjẹ́ pé ẹ nù ún.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹ má bó gbogbo náílọ́ọ̀nù ẹ̀yìn tíǹtì lẹ́ẹ̀kan. Láti òkè ni kẹ́ ẹ ti bó o, kẹ́ ẹ fi bí íǹṣì 3 sílẹ̀ nísàlẹ̀ láìbó. Ẹ gbé e sí gíláàsì tó ṣì wá sílẹ̀ díẹ̀ yẹn, ẹ to òkè ẹ̀ kó gún, ẹ ti omi òkè jáde kó mú, ẹ wáìn gíláàsì sókè. Ìsàlẹ̀ ló wá kù: ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ bó náílọ́ọ̀nù tó kù, ẹ fọ́n omi ìwọ̀nba sára gọ́ọ̀mù, ẹ fi káàdì ti rọ́bà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ki tíǹtì wọlé. Gọ́ọ̀mù ò ní fi bẹ́ẹ̀ fojú kan irun yẹn rárá. Látìgbà yẹn lọ, ẹ má fọ́n omi sí rọ́bà mọ́, omi tó bá kù nísàlẹ̀, káàdì tẹ́ ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé ni kẹ́ ẹ fi tì í kí aṣọ fa á mu, kó má baà padà.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa fáànù, ìyẹn náà ń ràn wá lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tíǹtì sí Corolla mi ní Òkè-Fìà. Mo rí ibi tó wú àti àmì kéékèèké nísàlẹ̀ gíláàsì kan. Ọmọ tó ṣe é ní oòrùn máa mú gbogbo ẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni?
— Olùkọ́, Ògo-Olúwa

ÌDÁHÙN: Ìdajì ẹ̀ lòótọ́, ma. Èyí tó rọ̀ tó dà bí omi, tàbí tó funfun bíi kùrukùru, omi ni, á gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó bá jẹ́ ìgbà òjò ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ìka tẹ èyí tó kù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tí nǹkan líle bá wà láàárín ẹ̀, ìdọ̀tí ni, oòrùn ò rí i ṣe. Ẹ má wáìn gíláàsì sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5, ẹ má sì fi ọṣẹ gíláàsì tó ní amóníà nù ún. Tẹ́ ò bá tíì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ tètè lọ gbà á, òfin 1991 lórí gíláàsì dúdú ṣì wà nílẹ̀.

Tó bá ti gbẹ tán tí kóró náà ò lọ, ẹ dá ọkọ̀ padà fún un. Kó má sọ pé òun fẹ́ gbé etí ẹ̀ sókè kóun fi abẹ ṣa kóró yẹn jáde o, á ká, òmíì á tún wọlé. Kó bó ti gíláàsì yẹn nìkan kó lẹ tuntun, àwọn tó ti mọ́ kó fi wọ́n sílẹ̀.