Lórí ìwé, ọkọ̀ ojú irin wa kò kún. Kí ló dé tí èrò ò ráyè dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka tó ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ni mo wà. Ìlú wa kò tóbi, kò sì kéré. Iye èrò tí a ń ṣírò ṣáájú pé yóò wọkọ̀ lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye tó wọkọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, àwọn èrò ní àwọn ò ráyè dúró láàárọ̀. Ibo ni ìṣírò wa ti wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Àpapọ̀ èrò òòjọ́ wúlò fún ẹni tó ń ṣètò owó, àmọ́ ẹni tó dúró níbùdókọ̀ ní aago 7:30 àárọ̀, ọkọ̀ tó bá dé iwájú rẹ̀ nìkan ló kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ní èrò 10 ló ń dé ibùdókọ̀ kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ sì ń dé ní ìṣẹ́jú 10-10. Èrò 100 ló yẹ kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá. Tí ọkọ̀ kan bá fi ìṣẹ́jú 5 pẹ́, 150 ni yóò bá. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó dé lásìkò tirẹ̀, yóò bá 50 péré. Ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 100, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nínú èrò mẹ́rin ló há mọ́ inú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún yín. Ó tún ń burú sí i níwájú: bí èrò 150 ṣe ń ti ara wọn wọlé, ilẹ̀kùn ò ní tètè pa dé, ọkọ̀ yẹn á túbọ̀ pẹ́, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò rí èrò púpọ̀ kó, á sì máa sún mọ́ ọn.

Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ sí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kún ìṣírò yín, kó tó kan àwọn nǹkan mìíràn tó ń yí iye èrò padà, bí òjò, ìsinmi ilé ìwé tàbí bọ́ọ̀lù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kò rí wọn. Tí ọkọ̀ bá gba 180, tí 230 sì fẹ́ wọ̀ ọ́, 180 náà ni ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ wọkọ̀. Ẹ sàmì sí gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ ti kún dẹ́nu. Iye tó wà níbẹ̀, ó kéré tán ni; àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí èrò bá ń fi káàdì owó ọkọ̀ kan ẹ̀rọ kí wọ́n tó dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró, ẹ fi asìkò káàdì wé asìkò tí ọkọ̀ gbéra, ẹ ó rí àwọn tó ṣẹ́ kù.

Kẹ́ ẹ tó fọkàn tán ìṣírò tuntun, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ò lò nígbà tí ẹ ń ṣe é dán an wò, kẹ́ ẹ sì fi wé àbá tó rọrùn jù: iye tó wọ ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí kò bá lè borí ìyẹn, ẹ má lò ó. Ẹ jẹ́ kó sọ, nínú ọjọ́ iṣẹ́ 10, ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ aago 7:30 máa kún àkúnfàya. Ìyẹn ni ọ̀gá tó ń pín ọkọ̀ lè fi pinnu bóyá kó so ọkọ̀ kejì mọ́ ọn, tàbí kó dúró ti ibùdó àkọ́kọ́ kí ọkọ̀ má bàa pẹ́ gbéra.