Ìpolongo ń lọ, oògùn kò sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún wá sí àdúgbò wa lóṣù tó kọjá láti kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́ àti bí a ṣe ń tọ́jú omi mímu, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí a ní kò ní oògùn ibà lásán. Ṣé kò ní dára kí wọ́n fi owó ìpolongo yẹn ra oògùn? — Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, tíṣà wa. Ẹjọ́ yín lórí oògùn tọ́, n kò sì ní gbèjà ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí lẹ́sẹ̀ ọmọ iléèwé rí, tí kò ní oògùn tó ń wò ó, tí kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára títí di òní, síbẹ̀ tí ó ti di àwátì ní Nàìjíríà. Sòbìà ni mò ń wí.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ojú ibi tí aràn sòbìà yóò ti yọ lára á kọ́kọ́ lé, á máa ta bí iná, orí aràn á wá yọ, funfun bí òwú, wọn á sì máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já, ẹsẹ̀ á wú, á sì kẹ̀. Kí oró náà lè rọ̀, aláìsàn á ti ẹsẹ̀ bọ odò, ibẹ̀ sì ni aràn ń tú ọmọ rẹ̀ sí. Kòkòrò omi tíntìntín á gbé ọmọ aràn mì, ẹni tó mu omi náà láìsẹ́ ẹ á gbé kòkòrò mì, tó bá sì tó bí ọdún kan, sòbìà tún yọ lára ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí, ṣùgbọ́n aṣọ ló lé e lọ: aṣọ asẹ́ tí wọ́n pín láti ilé dé ilé, pẹ̀lú kànga tí wọ́n gbẹ́, oògùn Abate, apakòkòrò omi, tí wọ́n dà sínú adágún, àti àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ odò kí elégbò má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà kan rí, dara pọ̀ mọ́ Carter Center, àjọ tó ń gbógun ti sòbìà, ní 1999, ó sì ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn nítorí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Enugu ni wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn, ní oṣù Kọkànlá 2008. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé a ti bọ́.

Ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń fẹ́ oògùn ní tiwọn, nítorí náà ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ káńsù láìdákẹ́. Ní ti ìpolongo, àwọn tó lé sòbìà kò wá lọ́wọ́ òfo. Asẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn tiyín bá padà dé, ẹ bi wọ́n pé omi tí wọ́n ní kí ẹ fi fọwọ́, níbo ni yóò ti wá, ta ni yóò sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́?