Níbo lẹ fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni mo ń darí eré àròsọ kan tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ta ní Ìlárè lálẹ́ Sátidé: èmi ń sọ ìtàn, àwọn ń sọ ohun tí akọni wọn yóò ṣe nínú rẹ̀. Nínú eré náà, òkè kan ya lu ìlú àtijọ́, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìlú náà gùn ní mítà 500, ó fẹ̀ ní mítà 400, iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ sì ga tó mítà 4. Ọba fún àwọn akọni náà lówó, ó ní oṣù kan péré ni kí wọ́n fi hú u jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àwọn yóò háyà lébìrà 200, pé oṣó tó wà láàrin àwọn yóò fi ọfọ̀ gbé èyí tó bá kù. Ṣé ó ṣeé ṣe? Mo gbọ́ pé ẹ ti bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ nílùú wa níbí.
— Olùdarí eré, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kò ṣeé ṣe. Inú mi sì dùn pé o béèrè kí o tó gbà fún wọn, nítorí ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ń lọ ni wọn kò rò. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gbígbẹ́ kì í pa ènìyàn tó kíkó.

Gba bírò. 500 lọ́nà 400 lọ́nà 4 jẹ́ kúbíìkì mítà 800,000. Alágbára tó ń lo dígà àti ṣọ́bìrì lè gbẹ́ bíi 2 lóòjọ́. Ènìyàn 200 á gbẹ́ 400, ìyẹn ni pé wọn yóò lo ọjọ́ iṣẹ́ 2,000. Tí o bá yọ ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ òjò kúrò, tó ku 250 lọ́dún, ọdún 8 nìyẹn.

Ta ló wá ń kó o? Kúbíìkì mítà kan wúwo tó kílò 1,600. Páànù tí ènìyàn lè rù láti àárọ̀ dalẹ́ kò ju kílò 20 lọ, nítorí náà páànù 80 ló wà nínú kúbíìkì mítà kan. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó ń gbẹ́ jẹ́ páànù 32,000. Bí ààtàn bá wà ní ìrìn ìṣẹ́jú 5, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ tó bọ̀ nígbà 40 lóòjọ́, ènìyàn 800 lo nílò láti máa rù ú. Ẹgbẹ́ lébìrà 200 ti di 1,000. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu omi lítà 5 nínú oòrùn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 200 nìyẹn lóòjọ́, kí a tó sọ ti iyán àti ẹ̀bà. Níbo lódò wà nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ? Fi síbẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Iyẹ̀pẹ̀ tí a bá gbẹ́ a máa wú. Èyí tó jẹ́ 800,000 nínú ilẹ̀ lè di 1,000,000 lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá kó o ga tó mítà 10, ààyè tó tó ìdajì ìlú náà ni yóò gbà. Ta ló ni ilẹ̀ ọ̀hún? Oko ta ni? Bí mo bá jẹ́ ìwọ, odindi alẹ́ Sátidé kan ni n ó fi jẹ́ kí wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ abúlé náà dúnàá dúrà lórí ibi tí wọn yóò da iyẹ̀pẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo yàrá oníwúrà lọ. Bí wọ́n bá sì dà á sórí apá ibòmíràn nínú ìlú náà, wọn yóò tún padà wá kó o.

Ní ti ọfọ̀ oṣó, gbà fún un, ṣùgbọ́n bí i léèrè ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ìpele ìpele ni ilẹ̀ wà. Ọ̀bẹ tó wà lórí ilẹ̀ ilé lọ́jọ́ tí òkè ya, àti ìkòkò tí ọdẹ kan gbàgbé síbẹ̀ ní 300 ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ní ìpele kan náà. Ọfọ̀ tó bá gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò pò wọ́n pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lè mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Bí àṣírí ìlú náà bá wà nínú ètò yẹn, oṣó fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Kò sí ẹni tó ń hú odindi ìlú lẹ́ẹ̀kan. Òkè oníná Vesuvius bo Pompeii ní Ítálì mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Ọdún 1748 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ rẹ̀, títí dòní bíi ìdámẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, yàrá tí wọ́n ti wá tán ni wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí. Herculaneum tó wà nítòsí rẹ̀ jìn tó bíi mítà 20 níbòmíràn, nítorí náà ihò ni wọ́n kọ́kọ́ ń lu gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú ilé. Ihò dára fún akọni rẹ ju kòtò gbalasa lọ, ó sì léwu jù.

Níbí ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ wà lábẹ́ Ilé-Ifẹ̀ tí a ń gbé. Ní ọdún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà níbẹ̀, kí awalẹ̀pìtàn Frank Willett tó wá wa ibẹ̀. Lébìrà ló ń kọ́kọ́ rí i, ọmọ mi. Fún àwọn lébìrà inú eré rẹ lórúkọ àti ìdílé. Awalẹ̀pìtàn àtijọ́ kan, Flinders Petrie, a máa sanwó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Íjíbítì fún ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má baà tà á fún ẹlòmíràn. Jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pinnu bóyá àwọn náà yóò san.

Bá a ṣe ń mọ̀ pé a ti dé ilẹ̀ ìlú gan-an ní Ifẹ̀ ni àpáàdì. Àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà, wọ́n to etí wọn sókè ní ìlà ìlà, nígbà mìíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàrin wọn. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Tí irin bá kan án, ìró rẹ̀ yàtọ̀, gbogbo ènìyàn a sì gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, a mú irin pẹlẹbẹ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì. Wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìlú rẹ, kí wọ́n lè tọ ojú títì lọ.

Nítorí náà, títì kan ṣoṣo ni kí wọ́n wa láàrin oṣù kan náà. Kí ó gùn ní mítà 60, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 5, kí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ní 11, nítorí ògiri kòtò tó dúró gangan á wó lu ènìyàn bí òjò bá rọ̀. Bí ó ti jìn ní mítà 4, kúbíìkì mítà 1,920 nìyẹn. Lébìrà 200 wọn tó: kí 40 máa gbẹ́, kí 160 máa rù. Ọjọ́ iṣẹ́ 24 ni wọn yóò lò, bí oṣó bá fi ọfọ̀ rẹ̀ dá òjò dúró.