Ṣé ohun kan náà ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti bátíìkì?
Rárá, wọn kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ń fi nǹkan bo ojú aṣọ kí aró má baà dé ibẹ̀. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró èlú. Nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ sábà máa ń bò, aró a máa mu ẹ̀yìn aṣọ náà, èyí tí a lè fi dá ojúlówó mọ̀. Ìda gbígbóná ni àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ń lò fún bátíìkì, ó sì máa ń wọnú aṣọ dé ẹ̀yìn. Àmọ́, ọ̀pọ̀ aládìrẹ òde òní náà ti ń lo ìda.