Bàbá ní etí àwọn kò ṣe nǹkan kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ti lé ní ẹni 70 ọdún. Wọ́n ní àwa là ń sọ̀rọ̀ sínú, bẹ́ẹ̀ ariwo tẹlifíṣọ̀n wọn ń dé ilé kejì. Ṣé wọ́n lè yẹ ara wọn wò nílé ká tó náwó ilé ìwòsàn? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè ṣe é. Ẹ má sì bá wọn jà, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ìró tínrín ni etí àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù, àárín wọn sì ni f, s, ṣ, t àti k wà. Fáwẹ̀lì àti dò-re-mí ọ̀rọ̀ ṣì ń wọlé. Bàbá á mọ̀ pé ẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n “ìfẹ́” àti “ìṣẹ́” lè di ọ̀kan náà létí wọn. Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” “Bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n máa sọ.

Ẹ lo ìbéèrè 10 tí wọ́n ń pè ní HHIE-S. Ohun tí etí ń fi dí ìgbé ayé lọ́wọ́ ló ń bi: ṣé ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, ṣé ojú ń ti Bàbá lọ́dọ̀ àlejò, ṣé wọn kì í fẹ́ lọ sílé ìsìn bíi tàtẹ̀yìnwá. “Bẹ́ẹ̀ ni” gba 4, “nígbà mìíràn” 2, “rárá” 0. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 8 lọ, ó yá, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹni tó ń bá wọn gbé náà dáhùn lọ́tọ̀ nípa wọn. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ má fojú fo ti ará ilé dá.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn Bàbá ní ìwọ̀n apá kan (60 sẹ̀ǹtímítà), kí wọ́n má baà wo ètè yín. Kí wọ́n fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà lẹ́nu ihò etí tí ẹ kò tíì dán wò, kí wọ́n máa fi ìka ra á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí tó dára á bá èyí tó bàjẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ mí jáde tán, kí ẹ wá sọ “4, K, 2” kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ṣì í, ẹ sọ mẹ́ta mìíràn. Nínú mẹ́fà, ó yẹ kí wọ́n mú mẹ́ta. Ẹ ṣe etí kejì náà.

Ìdọ̀tí etí nìkan lè fa gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó; ìyẹ́ adìẹ àti kọ́tìn bọ́ọ̀dì ń tì í wọlé sí i ni.

Ṣùgbọ́n bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró ka ìbéèrè kankan. Ọ̀dọ̀ dókítà etí ni lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù.