Má gbé controller lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìpè ni kó o kọ́kọ́ jà fún

Àbúrò mi, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún orin kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó o wá ṣe DJ fún àwọn ní oṣù kẹjọ. O wá ń béèrè bóyá kó o gbé láptọ́ọ̀pù àti controller rẹ, ẹ̀rọ tó o fi ń darí orin orí láptọ́ọ̀pù, dání ni, àbí kó o kó orin sínú fúláàṣì, àti bí orin tó o máa múra sílẹ̀ ṣe máa gùn tó. O tún ní o fẹ́ mú onígángan rẹ lọ.

Má gbé controller. Fúláàṣì méjì ni kó o lò, ohun kan náà ni kó wà nínú méjèèjì. Màá padà sórí ìyẹn. Ohun tó ò béèrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo, n kò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Lẹ́tà ìpè ni mò ń sọ. Ẹni tó pè mí nígbà tèmi, èèyàn dáadáa ni, ó fẹ́ràn orin wa dénú, àmọ́ lẹ́tà tó kọ kò kún ọwọ́. Ó ní inú àwọn máa dùn láti rí mi, pé ibẹ̀ lẹ́wà, pé àwọn máa tọ́jú mi dáadáa. Kò kọ iye owó tí wọ́n máa san. Kò kọ ọjọ́ tí mo máa ṣeré, kò kọ ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kò kọ ibi tí mo máa sùn. Orúkọ DJ mi ló kọ síbẹ̀, orúkọ inú páspọ́ọ̀tù mi kò sí níbì kankan. Mo ní kó tún un kọ. Ó ní bí àwọn ṣe ń kọ ọ́ fáwọn DJ tó ń wá láti Jámánì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Jámánì tó ń bọ̀ wá ṣeré ọjọ́ kan kì í tọrọ físà kó tó wọkọ̀. Àwa là ń tọrọ ẹ̀. Ẹni tó sì ń yẹ ìwé rẹ wò kò mọ̀ ọ́, kò gbọ́ orin rẹ rí, wọn kì í sì í sábà pe èèyàn kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ohun tó bá wà nínú bébà nìkan ló máa fi dá ẹjọ́ rẹ.

Èsì tó jáde, gbólóhùn tí gbogbo wa ti mọ̀ ni: kò dá àwọn lójú pé àlejò tòótọ́ ni mí, kò dá àwọn lójú pé mo máa padà sílé. Wọ́n ní n kò fi hàn pé mo níṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo fi ń sanwó ilé, tí mo fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé! Wọ́n tún mú owó ńlá kan tó wọ àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní n kò ṣàlàyé ibi tó ti wá. Owó òde ni. Oníyàwó kan ló san gbèsè òde mẹ́ta pa pọ̀ fún mi. Ẹni tó bá ń ṣeré ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ bí owó wa ṣe ń wọlé: ìdajì lọ́wọ́, ìyókù nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì níbi tó jìnnà, tó ní ìwé rẹpẹtẹ níwájú? Owó físà kò padà. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn fún físà àlejò tí wọ́n bá kọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi kó o tún bẹ̀rẹ̀, kó o tún san owó tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa níbí náà kò ràn mí lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé irú lẹ́tà wo ló péye, wọ́n ní àwọn kò láṣẹ láti sọ, wọ́n sì ti gbowó ìjókòó pàtàkì lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìgbà tí mo fúnra mi jókòó ka òfin wọn ni nǹkan yé mi, òun ló sì ṣí ọ̀nà fún mi nígbà tí mo tún gbé ìwé wọlé. Láti 31 oṣù kìíní 2024, wọ́n ti da físà kékeré tí àwọn olórin ń gbà lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ físà àlejò, Standard Visitor. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tiwa yìí lábẹ́ rẹ̀ ni Permitted Paid Engagement. Ó gba olórin tó ń fi orin jẹun láyè láti wá ṣeré kó sì gbowó, bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ eré tàbí àjẹ́ńtì olórin tó wà níbẹ̀ ló pè é, bí ètò náà bá ti wà nílẹ̀ kó tó kúrò nílé, bí eré náà bá sì wáyé láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ tó wọ ìlú. Fi ọjọ́ 30 yẹn sọ́kàn. Bó o bá ní àǹtí kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní kó o wá lo gbogbo ìgbà ooru lọ́dọ̀ òun, ẹ̀yìn eré ni kó o lọ kí wọn, má ṣe ṣáájú.

Àwọn àjọ̀dún ńlá bíi Glastonbury wà nínú ìwé orúkọ kan tí ìjọba wọn ń tẹ̀ jáde, Permit Free Festivals, ọjọ́ 30 yẹn kò sì de ẹni tó bá lọ ṣeré níbẹ̀. Àwọn kékeré tó dá dúró, tí kò ní iléeṣẹ́ ọtí tàbí báńkì kankan lẹ́yìn, kì í sábà sí nínú ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè ọ́, má sì gba "kò sí wàhálà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Nítorí náà, jẹ́ kí lẹ́tà rẹ wà lórí bébà iléeṣẹ́ wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ inú páspọ́ọ̀tù rẹ ni kó ṣáájú, kí orúkọ DJ tẹ̀ lé e. Kí wọ́n kọ ọjọ́ eré àti wákàtí rẹ̀, iye owó, ẹni tó ń san kí ni, ibi tó o máa sùn, àti fóònù ẹni tí wọ́n lè pè. Kí wọ́n kọ ọ́ ní tààrà pé Permitted Paid Engagement ni. Ìwọ náà, kó àwọn ìwé àdéhùn òde rẹ jọ, pósítà tí orúkọ rẹ wà, rìsíìtì, àwòrán. Owó yòówù tó bá tóbi nínú àkáǹtì rẹ, wá ìwé kan tó ń ṣàlàyé rẹ̀ so mọ́ ọn. O lè gbé ìwé wọlé láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò; lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìka ọwọ́ rẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dá, àmọ́ má fọkàn tán ìyẹn nígbà ooru tí gbogbo ayé ń rìnrìn àjò.

Onígángan rẹ kò lè wọlé lórí físà tìrẹ. Lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó físà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rí iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibí gan-an ló le, torí ọ̀pọ̀ àwọn onílù wa, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí lóde ni wọ́n fi ń jẹun, kò sì wọ báńkì. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiẹ̀, láti òní lọ ni kó ti máa gbowó sí àkáǹtì. Kí lẹ́tà náà sì sọ pé ara eré ni ìlù rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kí ni onílù ń wá nídìí orin kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ohun àjèjì rárá. Tony Allen, onílù Fela, fi dùrọ́ọ̀mù ṣeré pẹ̀lú Jeff Mills, DJ tẹ́kínò ti Detroit, àti ẹ̀rọ ìlù TR-909 rẹ̀ lórí ìtàgé kan náà kí bàbá tó kú ní 2020.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní àjẹ́ńtì físà á wá bá ọ. Ọ̀kan wá bá mi pé òun á fi owó kún àkáǹtì mi, òun á sì bá mi ṣe lẹ́tà tó "lágbára". Sá fún wọn. Bí wọ́n bá rí ìwé èké nínú ohun tó o fi sílẹ̀, wọ́n lè fòfin dè ọ́ fún ọdún 10. Ọ̀dọ́ ni ọ́, má ta ọdún 10 dà nù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Gba ìdajì kó o tó ra ohunkóhun. Kì í ṣe pé olè ni wọ́n. Àjọ̀dún tó dá dúró, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń gbé e ró, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kógbá sílé láti ìgbà àrùn Kòrónà. Ẹgbẹ́ wọn, Association of Independent Festivals, ti ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n dín VAT, owó orí ọjà, tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kù láti 20% sí 5%. Ẹni tó pè ọ́ tọkàntọkàn ní oṣù kẹta lè máà ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní oṣù keje, ìwọ lo sì máa wà nílé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe é dá padà.

Nígbà tí mo ṣeré tán, akọ̀wé owó wọn yọ 20% kúrò nínú owó mi, ó ní owó orí àwọn olórin àlejò ni. Òfin yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gbogbo ohun tó o gbà níbẹ̀ lọ́dún owó orí kan kò bá ju £12,570 lọ, wọn kò ní láti yọ nǹkan kan. Tèmi kò sún mọ́ ọn rárá. Mo tẹ ojú ewé HMRC, iléeṣẹ́ owó orí wọn, tó sọ bẹ́ẹ̀, mo fi ránṣẹ́, mo tún fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó dá owó mi padà. Kí ló dé tó jẹ́ pé àlejò ló máa kọ́ akọ̀wé owó ní iṣẹ́ rẹ̀? Tẹ ojú ewé yẹn dání kó o tó kúrò nílé.

Ó dáa, ẹ̀rọ. CDJ-2000NXS2 tàbí CDJ-3000, àwọn ẹ̀rọ tó ń ka orin láti inú fúláàṣì, lo máa bá níbẹ̀, kò sì sí àyè fún controller lórí tábìlì wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn láti gba ọwọ́ DJ tó ṣáájú. Fi Rekordbox, ètò orí kọ̀ǹpútà tó bá CDJ mu, ṣètò orin, kó o gbé e jáde sórí fúláàṣì láti inú rẹ̀. FAT32 ni kó o fi fọ́mátì fúláàṣì, torí àwọn CDJ àtijọ́ kì í ka exFAT, NTFS sì ni kò sí èyí tó ń kà á. Kí fáìlì orin jẹ́ MP3 320 tàbí AIFF. Kọ̀wé béèrè míkísà tí wọ́n ní: bó bá jẹ́ Xone:92, bọ́tìnnì mẹ́rin ló fi ń tún ohùn ṣe lójú (channel) kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́ta tó o mọ̀. Maikirofóònù gángan, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì fún un ní ojú tirẹ̀ lórí míkísà ńlá onísáúǹdì. Hẹ́ẹ̀dfóònù tìrẹ ni kó o gbé lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ohùn. Nílé, bó bá dùn, a máa ń fi kún un. Níbẹ̀, ìwé àṣẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn lábẹ́ òfin 2003 ló ń sọ bí ohùn ṣe lè pọ̀ tó àti aago tó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, àwọn kan sì wà nínú oko lọ́hùn-ún tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1992, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya lọ sí pápá Castlemorton, wọ́n jó fún ọjọ́ mélòó kan láìgbàṣẹ, ìjọba sì ṣe òfin ní 1994 tó dárúkọ ìlù tó ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn oníjó oko lójú méjèèjì. Nítorí náà, bí ohùn bá ṣàdédé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín eré rẹ, má ti bọ́tìnnì míkísà sókè títí iná pupa fi tàn. Orin rẹ á kàn máa ya ni, onísáúǹdì á sì tún fà á wálẹ̀. Fa ìlù ìsàlẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́ kí gángan gba iwájú. Ohùn gángan kò nílò ariwo kó tó dé etí èèyàn.

Gángan náà nìyẹn o: òru ibẹ̀ tutù ní oṣù kẹjọ gan-an, ìrì sì ń sẹ̀. Awọ á rọ̀, ohùn á lọ sílẹ̀, ìlù kò ní fọhùn mọ́ bó bá ti ṣe sùn nínú àgọ́. Kí ó fi aṣọ tó nípọn wé e, kó gbé e wọ yàrá tó gbẹ, kó má sì yọ ọ́ síta títí ó fi ku díẹ̀ kẹ́ ẹ gun orí ìtàgé. Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, bàtà òjò àti kóòtù. Mo rí àwọn tó wá láti ilé wa pẹ̀lú sálúbàtà, ẹrẹ̀ sì dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

O tún béèrè bó ṣe máa gùn tó. Wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n múra ìlọ́po mẹ́ta, torí DJ tó kàn lè wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́. Bọ́sàn-án ni wọ́n bá fi ọ́ sí, orí koríko ni àwọn èèyàn máa dùbúlẹ̀ sí. Amapiano tó ń lọ ní 112 (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan, BPM) ni kó o fi jí wọn, kó o máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ lọ sí afro house ní 120 sókè, kó o fi cruise àti mára, orin ìgboro wa tó ń sáré, parí. Má pariwo lórí maikirofóònù bí ìgbà tó o wà lóde ìgbéyàwó. Àwọn wọ̀nyẹn wá gbọ́ orin ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tìrẹ dáadáa.

Bí lẹ́tà náà bá ti dé, pa orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ́, kó o gbé e síbí. Màá kà á láti òkè dé ilẹ̀ kó o tó san owó físà.